Ọkọ́ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Rọ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú wa bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ níbi àpéjọ ọdọọdún wa ní Àáwẹ́

  

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Akọ̀ròyìn ni mí. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní poli ni bí a ṣe ń wá ìròyìn kiri, tí a sì ń kọ ọ́. Wọn ò kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn, ẹni tó bá sì ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí mo sì fọwọ́ ara mi ṣe ní ìsinmi gbọọrọ tó kọjá, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí mo bá parí rẹ̀, ẹ óò rí i pé orí owó ni màá gbé e lé, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ jókòó tì ní ọ̀sán òní.

YÀRÁ TÍ A TÌ PA

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní agbègbè wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ènìyàn rere kan da owó jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá fún un. A gé rìbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, èmi gan-an ni mo kọ ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. A ṣí i, eruku ti bo gbogbo rẹ̀. Mo bi tíṣà tó ń mójú tó yàrá náà pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbó ni. Gbogbo ohun tuntun tí a bá fẹ́ gbé lé wọn lórí, wọn ò lè gbé e. Ó ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè owó ọdọọdún, ó ń béèrè àyè tí wọn ò ní."

Tíṣà ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ní kí wọ́n yá mi ní ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ìrántí rẹ̀ kò ju gigabyte 1 lọ. Lóde òní, fóònù tí ọmọ kékeré ń fi gbọ́ orin sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó tọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sọ́nà dé orí òṣùpá ní 1969, ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 4 lọ. Tiwa yìí fi ju ìlọ́po 200,000 jù ú lọ. Mo wá bi ara mi pé, ṣé kọ̀ǹpútà ló gbó ni, àbí ẹrù tí a ń dì rù ú ló pọ̀ jù?

OLÙTÚMỌ̀ ÀTI ÒGBUFỌ̀

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkà nìkan ló gbọ́, òdo àti ení, òdo àti ení. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò bá a túmọ̀. Irú olùtúmọ̀ méjì ló wà, ẹ sì mọ àwọn méjèèjì dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èkíní dà bíi Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó ti ìwé, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ẹni tó ń kà á kò nílò kí olùtúmọ̀ dúró tì í mọ́. Irú èyí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Èkejì ni ẹni tó ń dúró ti oníwàásù àlejò ní ìsọjí. Oníwàásù sọ gbólóhùn kan, òun náà sọ ọ́ ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ìwàásù dúró nìyẹn. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní interpreter. Èmi ó máa pè é ní ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ dára púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, torí pé bí ọmọ bá ti sọ̀rọ̀ báyìí ni yóò gbọ́ èsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ògbufọ̀ fúnra rẹ̀, ta ló bí i? Ètò tí ènìyàn kọ lòun náà, èdè mìíràn tó ń jẹ́ C ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ ọ́. Kọ̀ǹpáílà ni yóò túmọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́ kí ó tó lè dìde rìn. Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní source code. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ìpilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fojú kan ìwé ìpilẹ̀ títí wọ́n fi ń kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti sè jinná ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí a ṣe ní ìsinmi yẹn ni pé a wọ ilé ìdáná, a sè é fúnra wa.

ÒṢÙPÁ LÁTI BRAZIL

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn ló fún mi ní fúláàṣì kan. Ó bá mi fi Linux tó fúyẹ́, tí a kì í san owó fún, sórí kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn èyí ó kó nǹkan kékeré méjì lé mi lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìpilẹ̀ ògbufọ̀ kan tó ń jẹ́ Lua. Òṣùpá ni Lua ní èdè Potogí. Ní 1993, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga PUC ní Rio de Janeiro, ní Brazil, ni àwọn mẹ́ta kan ṣe é: Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes. Brazil yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ lóko ẹrú, wọ́n ṣì ń ki òrìṣà ní Yorùbá ní Bahia títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Láti 1977 títí di 1992, òfin Brazil dínà fún kọ̀ǹpútà àti ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti òkè òkun bọ̀, kí àwọn ará ilé lè ráyè ṣe tiwọn. Irinṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń nawọ́ rà lọ́jà, kò rọrùn fún wọn láti rà. Ilé iṣẹ́ epo Petrobras sì wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn, iṣẹ́ kò dúró de ẹnìkan. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe èdè kékeré méjì, DEL àti SOL. Oòrùn ni sol ní èdè wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, wọ́n ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òṣùpá. Àìní ló bí i, ẹ̀yin ará. Lónìí, eré orí kọ̀ǹpútà bíi World of Warcraft ń lò ó. Wikipedia náà ti ń lò ó láti 2013, títí kan èyí tí a fi Yorùbá kọ.

Odindi ìwé ìpilẹ̀ Lua 5.4.6, èyí tó jáde ní 2023, tòun ti ìwé àlàyé rẹ̀, kò ju nǹkan bí kílóbáìtì 355 lọ bí a bá dì í. Ẹ̀yin tí ẹ rántí dísíkẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́, ọ̀kan ṣoṣo yóò gba irú rẹ̀ mẹ́ta, àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìlà 30,000 ló wà nínú rẹ̀.

Ìkejì ni TCC, kọ̀ǹpáílà kékeré tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe. Ìdíje kan wà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti máa ń fi ọgbọ́n àti àwàdà kọ ètò C tí ojú kò lè tètè kà. Ní 2001, Bellard gbé kọ̀ǹpáílà tó kéré jọjọ lọ síbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn. Èyí náà ló tún ṣe tó di TCC. GCC, tí àwọn ènìyàn sábà máa ń lò, gba àyè púpọ̀. TCC kò ju nǹkan bí kílóbáìtì 100 lọ.

Kí n má tan yín o. Ohun tó tóbi ní ìwúlò tirẹ̀. GCC máa ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí ètò tó bá túmọ̀ lè sáré bí ẹṣin. TCC kì í rò ó tó bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀, ó tán. Nítorí náà, ohun tó bá jáde lọ́wọ́ TCC kì í sáré tó ti GCC. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kí ló fẹ́ fi eré ìje ṣe?

ỌBA KÌ Í PÉ MÉJÌ LÁÀFIN

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ọmọ márùn-ún láti SS 2 wá, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin méjì, tíṣà wọn náà sì wà níbẹ̀. Iná kò sí, a tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. A tú ẹrù Lua, a wọ inú rẹ̀:

tar xzf lua-5.4.6.tar.gz
cd lua-5.4.6/src

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí TCC túmọ̀ gbogbo fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .c, kó pa wọ́n pọ̀ di ètò kan tó ń jẹ́ lua:

tcc -o lua *.c -lm

TCC kọ̀. Ó ní òun rí "main" lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì mí díẹ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ètò méjì ló wà nínú àpò kan náà. Fáìlì lua.c ni ti ògbufọ̀, luac.c sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó máa ń túmọ̀ ìwé sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ibi tó bá ń jẹ́ main ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, ètò kan kò sì lè bẹ̀rẹ̀ níbi méjì. Mo yíjú sí àwọn ọmọ, mo ní, "Ọba kì í pé méjì láàfin." Wọ́n dáhùn pa pọ̀ pé, "Ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin!" Ó yé wọn. A gbé luac.c jáde síta:

mv luac.c ..

Mo tún un ṣe. Ìkánjú wá mú kí n gbàgbé -lm tó wà níparí. TCC tún pariwo: kò mọ pow, kò mọ fmod. Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ní, "Sà, ìṣirò ló ń wá." Òótọ́ ló sọ. Pow àti fmod jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò, -lm yẹn ló sì ń sọ fún TCC pé kó lọ mú wọn níbi tí wọ́n kó wọn sí. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan irú nǹkan báyìí rí ló ń tọ́ mi sọ́nà.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a kò gbọ́ nǹkan kan. Tíṣà rò pé ó tún bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti parí ni, kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì. A wo inú àpò, a rí fáìlì tuntun kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lua ni orúkọ rẹ̀. A ní kó kí wa:

./lua -e "print('E kaaro o')"

Ó kí wa. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilé iṣẹ́ ńlá rí, n kò tíì gbọ́ irú àtẹ́wọ́ yẹn níbẹ̀.

ỌMỌ TÓ BÉÈRÈ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ní kí Lua ka iye lẹ́tà tó wà nínú "ẹ̀kọ́". Ní tiwa, mẹ́ta ni. Lua ní mọ́kànlá. Ó ní, "Sà, irọ́ ló ń pa." Mo ṣàlàyé pé báìtì ló kà, kì í ṣe lẹ́tà: ẹ gba báìtì mẹ́ta nítorí àmì abẹ́ rẹ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ gba méjì, k gba ọ̀kan, ọ náà gba mẹ́ta, àmì ohùn rẹ̀ gba méjì. Ẹ rò ó pọ̀, mọ́kànlá ni. Irinṣẹ́ mìíràn wà nínú Lua tó ń jẹ́ utf8.len, a lo ìyẹn, ó ní márùn-ún, torí pé ó ka àmì ohùn lọ́tọ̀.

Ọmọ náà wá béèrè pé, "Ta ló ní kó rí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá béèrè irú ìbéèrè yẹn, èsì tí à ń gbọ́ ni pé, "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn." Ní ọjọ́ náà, n kò nílò láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpilẹ̀ wà níwájú wa. A ṣí fáìlì tó ń jẹ́ lutf8lib.c, a rí ibi tó ti ń kà á. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rí i pé ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́, àti pé ìlà kan wà tí a lè na ìka sí.

Ó tún ní, "Kí ló dé tó jẹ́ 'if' àti 'end' nìkan ni a gbọ́dọ̀ máa sọ fún un?" Ìbéèrè yẹn ta mí jí. A ṣí fáìlì mìíràn, llex.c. Ọ̀rọ̀ méjìlélógún tí Lua yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà. A yí "if" padà sí "bi", "then" sí "nje", "end" sí "opin", "while" sí "nigba". A kò fi àmì sí i, torí pé lẹ́tà lásán nìkan ni Lua ń gbà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò yí ipò wọn padà, torí pé ètò náà fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn dá wọn mọ̀. A kò sì fọwọ́ kan "return", nítorí lua.c fúnra rẹ̀ ń lò ó nígbà tí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. A tún pe TCC, ó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ èyí:

bi 5 > 3 nje print("o po ju") opin

Ó jẹ́ fún un! Ọmọkùnrin kejì kọ tirẹ̀ sínú fáìlì, ó gbàgbé opin. Lua bá a wí lójú ẹsẹ̀ pé: 'opin' expected (to close 'bi' at line 1) near <eof>. Ẹ̀rín pa wá. Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ náà ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá bí àwa ọmọ Èkó.

Èmi ò sọ pé kí a lọ máa ta èdè yìí lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ yẹn. Ẹni tó ra ọkọ́ mọ iye tó rà á. Ẹni tó jókòó ní àgbẹ̀dẹ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ ló mọ ibi tó ti lè ṣẹ́, òun náà ló sì lè tún un rọ.

OWÓ WA

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo ti dé orí owó. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ fẹ́ da owó jọ láti ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Èrò rere ni, n kò lòdì sí i. Ẹnìkan yóò sọ pé àwọn agbanisíṣẹ́ kò béèrè TCC, Word àti Excel ni wọ́n ń béèrè. Òótọ́ ni, kí àwọn ọmọ kọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ra ohun tuntun tí a kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìpìlẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àgádágodo náà yóò tún padà wá. Ẹlòmíràn yóò tún wá kọ ìròyìn gígé rìbọ́ọ̀nù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú ìmọ̀ yìí ga ju ọmọ agbègbè wa lọ. Fìdítì kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Fìdítì Grammar School ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníkẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan ti kàwé kí ó tó lọ sí Ayétòrò. Ní 1989 ó gba oyè PhD nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Afijió yìí kan náà ló tẹ̀ lọ sí kíláàsì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a tó ra ẹyọ kan, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ gbogbo ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹ̀kọ́ wa wò, kó fi ètò tó fúyẹ́ sórí èyí tó bá ṣì ń mí. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, méje nínú mẹ́wàá ló dìde. Èkejì, kí a yọ lára owó tí a bá dá fún iná, ìyẹn sólà àti bátìrì, torí kọ̀ǹpútà tí kò rí iná, àpótí lásán ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò gba owó rárá: ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun n'Ìbàdàn, l'Ékòó àti lókè òkun, kí olúkúlùkù yín fún ilé ẹ̀kọ́ yìí ní Sátidé méjì péré lọ́dún. Ẹ má wá sọ àsọyé fún wọn. Ẹ wá bá wọn ṣí ìwé ìpilẹ̀, kí wọ́n ṣe àṣìṣe lójú yín, kí ẹ̀yin náà ṣe lójú tiwọn, bí mo ṣe gbàgbé -lm.

Mo bi tíṣà yẹn léèrè yàrá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn ọmọ ló ń wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun ní àràárọ̀ Sátidé, òun ni wọ́n sì ń dúró dè lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Alága, mo gbé e wá gẹ́gẹ́ bí àbá. Ẹni tó bá fẹ́ kín mi lẹ́yìn, kó dìde.